Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Àlàáfíà àti Ààbò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà lórí Ìdìbò Gúúsù Sudan

Ẹ̀yin Ọlọ́lá,

Ẹ kú iṣẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà o. Mo kí ẹ̀yin orílẹ̀-èdè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ẹ wà nínú Ìgbìmọ̀ yìí, mo sì kí Alága Ilé Iṣẹ́ Àjọ, Mahmoud Ali Youssouf, tí ọ̀rọ̀ náà kàn bákan náà. Ọmọ Nàìjíríà lásán ni mí. Èdè ilé mi ni mo fi kọ̀wé, kí àwọn ará ilé mi lè máa bá mi kà á bí mo ṣe ń béèrè. Ògbufọ̀ kò wọ́n yín ní Addis Ababa.

Ọ̀rọ̀ Gúúsù Sudan ni mo bá wá. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, nígbà tó ku oṣù mẹ́ta péré kí àwọn ará ibẹ̀ dìbò, ìjọba Ààrẹ Salva Kiir kéde pé ìdìbò náà ti di oṣù Kejìlá ọdún 2026. Kí ọdún 2025 tó dé ìdajì, wọ́n ti há Riek Machar, igbákejì ààrẹ àkọ́kọ́, mọ́lé ní Juba, olú ìlú wọn, bọ́ǹbù ń já bọ́ láti òfurufú ní ìpínlẹ̀ Upper Nile àti Jonglei, wọ́n sì ti ju bọ́ǹbù sí ilé ìwòsàn Àjọ Àwọn Dókítà Aláìlẹ́nubodè ní Old Fangak. Kí ló wá kù nínú àdéhùn àlàáfíà tí Kiir àti Machar fọwọ́ sí ní 2018, tí ẹ ṣì ń pè ní àdéhùn?

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ lábẹ́lẹ̀, torí òun náà ni àwọn ènìyàn wa ń sọ nídìí tábìlì ìwé ìròyìn: pé ìlú tí ogun ti fọ́ yángá kò tíì tó ìjọba tiwa-n-tiwa ṣe, kí wọ́n kọ́kọ́ fi ogun sílẹ̀ ná, kí ọ̀rọ̀ ìbò tó tẹ̀lé e. Ó dún bí ọ̀rọ̀ àgbà. Mi ò gbà á, ìdí mi nìyí.

1. Ogun kọ́ ló gba ìbò lọ́wọ́ àwọn ará Gúúsù Sudan.

Láti ọdún 1983 títí di 2005 ni wọ́n fi bá ìjọba Sudan ní Khartoum jagun, àwọn tó kú sì tó nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì. Síbẹ̀, ní oṣù Kínní ọdún 2011, wọ́n tò síwájú àpótí ìbò láti sọ bóyá àwọn fẹ́ dá dúró. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé kà, àwòrán ni wọ́n fi ṣe ìwé ìbò fún wọn. Ìdá 98.83 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní kí àwọn máa lọ ní tàwọn. Khartoum gan-an gba èsì náà, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Keje ni wọ́n sì gba òmìnira. Ẹ sọ fún mi, àwọn ènìyàn wo ló kù tí ẹ óò tún ní kí wọ́n lọ kọ́ ìbò dídì kí wọ́n tó padà wá?

Tàbí kí a wo Sàró, ìyẹn Sierra Leone. Ní ọdún 1996, nígbà tí ogun ṣì ń gbóná, àwọn ọlọ̀tẹ̀ RUF ń gé ọwọ́ àwọn ará abúlé kí wọ́n má baà rí ìka tẹ̀ ìwé ìbò. Àwọn ènìyàn jáde síbẹ̀, wọ́n yan Ahmad Tejan Kabbah ní ààrẹ. Ṣé ìjọba náà jókòó ire? Rárá. Lọ́dún tó tẹ̀lé e ni àwọn sójà lé e kúrò, àwọn ọmọ ogun ECOMOG ti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, tó jẹ́ pé ọmọ Nàìjíríà ló pọ̀ jù nínú wọn, sì dá a padà ní 1998. (Abacha ló rán wọn. Abacha tó ti MKO Abíọ́lá mọ́lé nílé níbí nítorí ó wọlé ìbò ni ẹni tó ń dá ìjọba alágbádá padà sí Freetown. A kò tíì rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ yẹn tán.) Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé ìbò 1996 yẹn, bó ti wù kó mẹ́hẹ tó, òun ló fún Kabbah ní ẹ̀tọ́ tí gbogbo ayé fi kọ̀ láti mọ àwọn tó lé e sí ìjọba. Ní 2002 wọ́n dìbò láàárín àlàáfíà. Ní 2007 ẹgbẹ́ alátakò wọlé, ẹgbẹ́ tó wà lórí oyè sì gbé e sílẹ̀ fún wọn.

Nítorí náà, ẹ má fi ogun bojú mọ́. Àwọn ará ìlú kọ́ ló ń sọ pé àwọn kò tíì ṣe tán.

2. Ẹni tí sísún ọjọ́ síwájú ń ṣe láǹfààní ni ẹ gbé kàlẹ́ńdà fún.

Oṣù Kẹrin ọdún 2010 ni wọ́n dìbò yan Salva Kiir, nígbà tí Sudan ṣì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Kò tíì gbé ara rẹ̀ síwájú olùdìbò láti ìgbà náà. Ìdìbò tó yẹ kó wáyé ní 2015, ilé aṣòfin sún un dé 2018. Ní 2018 wọ́n tún fi ọdún mẹ́ta lé sáà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àdéhùn tuntun dé, ìjọba fìdíhẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2020, ní 2022 wọ́n fi ọdún méjì kún un, ní 2024 wọ́n tún fi ọdún méjì mìíràn kún un. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ní 2010 ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí, kò tíì fọwọ́ ara rẹ̀ yan ẹnì kan ṣoṣo sípò rí.

Àwáwí wọn kì í yí padà. Wọ́n á ní àwọn kò tíì ka ènìyàn láti 2008, òfin ilẹ̀ tó dúró pẹ́ kò tíì sí, àwọn ọmọ ogun kò tíì di ọ̀kan. Òótọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ta ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún? Àwọn kan náà tí ipò yóò bọ́ lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá parí! Àwa ọmọ Nàìjíríà mọ eré yìí dáadáa. Babangida ní òun yóò lọ ní 1990, ó di 1992, ó di 1993, nígbà tí a sì dìbò tán ní June 12, ó fagi lé e.

Ẹ tún wo ilé aṣòfin wọn. Ọmọ ilé náà jẹ́ 550, kò sí ẹyọ kan tí ará ìlú dìbò yàn. Àdéhùn 2018 ló pín wọn: 332 fún ẹgbẹ́ ìjọba, 128 fún ti Machar, ìyókù fún àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké. Igbákejì ààrẹ márùn-ún ni wọ́n ní. Ẹni tó bá kó ìbọn jọ tó, tó sì dá wàhálà sílẹ̀ tó, á rí àga jókòó lé. Olùkọ́ tó dúró sílùú tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ kò rí nǹkan kan. Ìgbà tí ẹ bá ń san èrè fún ogun báyìí, kí ló dé tí ogun yóò fi tán?

3. Ṣùgbọ́n mi ò ní kí wọ́n sáré lọ di ìbò èyíkéyìí o.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti le jù nìyí, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀.

Ní Àǹgólà, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ní oṣù Karùn-ún ọdún 1991, wọ́n dìbò ní oṣù Kẹsàn-án 1992. Ọmọ ogun méjì ló wà nílẹ̀, ti ìjọba àti ti Jonas Savimbi, olórí àwọn ọlọ̀tẹ̀, wọn kò tíì dà wọ́n pọ̀. Ààrẹ José Eduardo dos Santos ló ṣíwájú, kò sì tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún tí òfin béèrè, ó yẹ kí wọ́n tún un dì. Savimbi ní wọ́n yan òun jẹ, ó padà sínú igbó. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ kò parí títí wọ́n fi pa á ní oṣù Kejì ọdún 2002. Ìbò tí ẹni tó fìdí rẹmi ṣì ní ọmọ ogun tirẹ̀ lẹ́yìn, ìpè ogun ni.

Ti Làìbéríà tún yàtọ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1997 wọ́n dìbò, Charles Taylor, olórí ọlọ̀tẹ̀ tó dá ogun sílẹ̀, sì mú nǹkan bí ìdá márùndínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo wa la gbọ́ orin tí àwọn ọ̀dọ́ ń kọ káàkiri Monrovia nígbà náà: ó pa bàbá mi, ó pa ìyá mi, òun náà ni máa dìbò fún. Kì í ṣe pé wọ́n ya wèrè. Wọ́n mọ̀ pé bí kò bá wọlé, yóò tún jà. Kí 1999 tó parí, ogun ti tún bẹ̀rẹ̀. Èmi kò ka ìyẹn sí ìdìbò, owó ìtanràn ni àwọn ará ìlú san.

Ní 2005 wọ́n tún dìbò, èyí sì dúró. Ellen Johnson Sirleaf ló wọlé. George Weah gba ìjọba lọ́nà ìrọ̀rùn lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí Joseph Boakai sì fi ìwọ̀nba ìbò díẹ̀ lé e kúrò ní 2023, Weah pè é lórí fóònù kí wọ́n tó ka ìbò tán, ó kí i kú oríire. Ìlú kan náà ni, ẹ̀yà kan náà, òṣì kan náà. Kí ló wá yàtọ̀ láàárín 1997 àti 2005?

Taylor ti lọ, ní oṣù Kẹjọ 2003, Nàìjíríà ló gbà á sí Calabar. Ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó 15,000 wọ̀lú, wọ́n gba ohun ìjà lọ́wọ́ àwọn ajagun, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní 100,000. Wọ́n tú ẹgbẹ́ ọmọ ogun àtijọ́ ká pátápátá, wọ́n tún òmíràn kọ́ láti ìpìlẹ̀. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Accra ní kí alága ìjọba fìdíhẹ, igbákejì rẹ̀ àti àwọn mínísítà àgbà má ṣe du ipò kankan nínú ìbò tó ń bọ̀; Gyude Bryant tó jẹ́ alága fọwọ́ sí i, ó sì lọ. Ìkẹrin ni èyí tí àwọn ènìyàn kì í fẹ́ dárúkọ: wọ́n fi àwọn olùṣírò owó láti òkè òkun sí ẹnu ọ̀nà àpò ìjọba, bí wọn kò bá buwọ́ lù ú, owó kò ní jáde. Àwọn olóṣèlú Monrovia bínú, wọ́n ní ìwọ̀sí ni. Ìwọ̀sí ni lóòótọ́, àmọ́ owó kò rí ọ̀nà di ọta ìbọn mọ́.

Làìbéríà kò pé. Prince Johnson tó jẹ́ olórí ajagun wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Síbẹ̀ àwọn nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí, èwo ni ẹ ti bèèrè lọ́wọ́ Juba, tí ẹ sì dúró lé e lórí?

4. Ìbọn àti epo.

Àdéhùn 2018 ní kí wọ́n kó ọmọ ogun 83,000 jọ láti ìhà gbogbo, kí wọ́n sọ wọ́n di ọ̀kan. Oṣù Kẹjọ 2022 ni ìpele àkọ́kọ́ tó lé díẹ̀ ní 20,000 ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, igi ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbé dípò ìbọn nígbà ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n jáde tán, wọ́n jókòó pa sí àgọ́, kò sí ibi tí wọ́n rán wọn lọ, owó oṣù kò sì dé.

Epo rọ̀bì ló ń mú èyí tó pọ̀ jù wá nínú owó tó ń wọlé fún ìjọba náà, páìpù tó gba ilẹ̀ Sudan kọjá sí Port Sudan ló sì ń gbé e. Nígbà tí ogun Sudan ba páìpù náà jẹ́ ní 2024, òṣìṣẹ́ ìjọba wà lóṣù mélòó kan láìgba kọ́bọ̀. Kí páìpù tó bàjẹ́ ńkọ́, níbo ni owó wà? Ẹ ní kí Juba tẹ ìwé owó epo jáde lóṣooṣù kí ọmọ ìlú rí i. Ẹ fi àwọn olùṣírò owó láti ilẹ̀ Áfíríkà síbẹ̀ bí ti òkè òkun bá dùn yín. Ìbò tí ẹnì kan bá wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo owó epo lápò, tí ẹnì kejì wọ̀ ọ́ láti àtìmọ́lé, ẹ má wulẹ̀ rán aṣojú wá wò ó.

5. Ilé ẹjọ́ tí ẹ ṣèlérí dà?

Ti Juba kọ́ lèyí. Tiyín ni.

Lẹ́yìn tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Juba ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kejìlá ọdún 2013, ẹ̀yin gan-an lẹ gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kan dìde, ẹ sì fi bàbá wa Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ṣe olórí rẹ̀. Wọ́n lọ, wọ́n gbọ́ tẹnu àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Wọ́n rí i pé pípa tí wọ́n pa àwọn Nuer, ẹ̀yà Machar, ní Juba kì í ṣe ìbínú àwọn sójà kan lásán, ó ní ètò. Wọ́n gbọ́ bí wọ́n ṣe fipá mú àwọn kan jẹ ẹran ara òkú. Nígbà tí ìwádìí náà délẹ̀ ní oṣù Kínní 2015, ẹ̀yin Ìgbìmọ̀ yìí lẹ sún kíkà rẹ̀ síwájú, ẹ ní kó má baà da ìjíròrò àlàáfíà rú. Oṣù Kẹwàá ni gbogbo ayé tó rí i. Ẹ rí i pé ọgbọ́n sísún ọjọ́ síwájú yìí, Kiir nìkan kọ́ ló mọ̀ ọ́n.

Àdéhùn oṣù Kẹjọ 2015 wá ní kí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà gbé ilé ẹjọ́ kalẹ̀, tí adájọ́ Gúúsù Sudan àti ti àwọn ilẹ̀ Áfíríkà mìíràn yóò jọ jókòó níbẹ̀. Ti 2018 tún un sọ. Ilé ẹjọ́ náà kò tíì gbọ́ ẹjọ́ ẹyọ kan. Mo mọ̀ pé èrò kò dọ́gba lórí èyí. Mahmood Mamdani tó wà nínú ìgbìmọ̀ Ọbásanjọ́ kọ èrò tirẹ̀ sọ́tọ̀, ó ní ọ̀rọ̀ òṣèlú ni ìpànìyàn náà, pé àtúnṣe òṣèlú ló ṣe pàtàkì jù. Mo kà á sí ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n àtúnṣe òṣèlú kò dé, ilé ẹjọ́ náà kò dé.

Ẹ má sì sọ pé kò ṣeé ṣe. Ẹ̀yin àti Senegal lẹ jọ gbé ilé ẹjọ́ kalẹ̀ ní Dakar fún Hissène Habré tó ṣe ààrẹ Chad. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016 wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n gbére. Ẹ ti ṣe é rí.

Nísinsìnyí, ìjọba Kiir ti gbé Machar lọ sílé ẹjọ́ láti oṣù Kẹsàn-án 2025, lórí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ sí ìjọba, ìpànìyàn àti ìwà ìkà sí ọmọ ènìyàn, nítorí bí àwọn ajagun ṣe kọlu àgọ́ ọmọ ogun ìjọba ní ìlú Nasir, ní Upper Nile. Mi ò gbèjà Machar o. Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́. Àmọ́ nígbà tí ẹ kọ̀ láti gbé ilé ẹjọ́ tí kò ṣe ojúsàájú kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn méjì tó jọ jà di adájọ́ ìkejì. Ohun tí mo ń béèrè ni ọjọ́: ọjọ́ tí ẹ óò yan adájọ́, ọjọ́ tí olùpẹjọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, yálà Juba buwọ́ lù ú tàbí kò buwọ́ lù ú.

6. Àwọn onígbọ̀wọ́.

Sudan àti Ùgáńdà ló dúró gẹ́gẹ́ bí onígbọ̀wọ́ àdéhùn 2018. Sudan ti wà lójú ogun tirẹ̀ láti oṣù Kẹrin 2023. Ùgáńdà rán ọmọ ogun wọ Juba ní oṣù Kẹta 2025 láti ran ìjọba Kiir lọ́wọ́. Onígbọ̀wọ́ ti di alábàájà. Nígbà tí Kẹ́ńyà rán olóògbé Raila Odinga lọ bá wọn sọ̀rọ̀, wọn kò jẹ́ kó fojú kan Machar. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó wà lọ́jà yìí ń ná ọjà tiwọn.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà kan náà, nígbà tí Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fẹ́ tún fàṣẹ sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má ta ohun ìjà fún Gúúsù Sudan, ìbò mẹ́sàn-án tí òfin béèrè gan-an ló rí, kò lé ẹyọ kan. Àwọn ilẹ̀ Áfíríkà mẹ́ta tó wà níbẹ̀, Algeria, Sòmálíà àti Sàró, kò dìbò sí apá kankan. Sàró! Ìlú tí àwọn tí wọ́n gé lọ́wọ́ ṣì ń rìn káàkiri ìgboro rẹ̀.

Ẹ ní kí Ùgáńdà kó àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò ní Juba kí ìdìbò tó dé, tàbí kó wà lábẹ́ àṣẹ yín pátápátá. Bí ẹ kò bá lè sọ ìyẹn fún Museveni, ààrẹ wọn, lójú rẹ̀, ẹ sọ fún wa, kí a mọ̀.

7. Oṣù Kejìlá ọdún 2026.

Bí wọ́n bá tún fẹ́ sún un, ẹ má gbà. Bí wọ́n bá sì fẹ́ lò ó láti fi òǹtẹ̀ ìbò lu Kiir nígbà tí alátakò rẹ̀ wà látìmọ́lé, ẹ má gbà ìyẹn náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí kò sí ogun: kí àwọn ará ibẹ̀ yan alága tiwọn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ààrẹ. Ẹ wá àpótí ìbò fún àwọn ogunléńdé tó lé ní mílíọ̀nù méjì tó wà ní Ùgáńdà, Sudan, Etiópíà àti Kẹ́ńyà. Ní 2011 àwọn tó wà ní òkè òkun dìbò, kò sóhun tó ní kó má ṣeé ṣe báyìí. Ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí wọ́n bá tún béèrè ìsúnsíwájú kankan, kò sí ẹni tó wà nínú ìjọba fìdíhẹ tí yóò lẹ́tọ̀ọ́ láti du ipò, bíi ti Accra.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn mi kan Nàìjíríà. Orílẹ̀-èdè márùn-ún lẹ yàn sínú ìgbìmọ̀ àkànṣe lórí Gúúsù Sudan: South Africa, Algeria, Chad, Rwanda, àti àwa. Àwọn ọmọ wa kú sí Làìbéríà, wọ́n kú sí Sàró. Bàbá wa ló kọ ìwé ìwádìí tí ẹ jókòó lé lórí. Mo ń béèrè lọ́wọ́ Mínísítà Ọ̀rọ̀ Òkèèrè wa, níwájú gbogbo ẹni tó ń ka lẹ́tà yìí, kó sọ fún wa ohun tí Nàìjíríà sọ nínú yàrá yẹn nígbà tí wọ́n sún ìdìbò 2024 síwájú, àti ohun tí yóò sọ bí wọ́n bá tún gbé e dé.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Nàìjíríà kan